Bọ́ọ̀lù Tó Ń Gba Àárín

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí Mọ́ṣádé Sàlàkọ́, òun sì ni àbíkẹ́yìn ilé wọn. Nọ́ọ̀sì ni Mosúnmọ́lá, ìyá rẹ̀, obìnrin tí í tẹ́ ibùsùn rẹ̀ kí ó tó mu omi láàárọ̀. Inú àwo kan náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa ń jẹun, òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ẹni tó kéré kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹja kí àwọn tó jù ú lọ tó mú tiwọn. Nítorí náà, ìrù ẹja ni Mọ́ṣádé mọ̀ jù nígbà èwe rẹ̀. Kò bínú sí i. Ó máa ń sọ pé ìrù ẹja dùn, bí èèyàn bá ti ní sùúrù fún egungun.

Ìgbà tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ́kọ́ di rákẹ́ẹ̀tì tẹ́níìsì mú. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Lónìí, olùkọ́ ìṣirò ni nílùú náà. Bí ó bá ti ṣíwọ́, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ sí pápá, rákẹ́ẹ̀tì á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè é sí ìgbaradì fún ìdíje tẹ́níìsì tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà fẹ́ ṣe ní Lomé. Nínú ìdíje yìí, èèyàn kì í gbá bọ́ọ̀lù fún ara rẹ̀. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ń gbá a fún. Bí orílẹ̀-èdè méjì bá pàdé, wọ́n á kọ́kọ́ gbá eré ẹnìkan sí ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, eré ẹni méjì sí méjì ni yóò parí rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń dán Mọ́ṣádé wò fún. Jessica, ọmọ Èkó tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, tó sì ti ṣojú Nàìjíríà rí, ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń gbára dì.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gba àárín àwọn méjèèjì, Mọ́ṣádé á fà sẹ́yìn. Kì í ṣe pé kò lè gbá a. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó lágbára jù, ló máa ń wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ á dúró fúnra rẹ̀, á máa retí pé kí àgbà kọ́kọ́ mú. Jessica náà á dúró, nítorí ó mọ̀ pé ti ẹnìkejì òun ni. Bọ́ọ̀lù á wá kọjá láàárín wọn bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

“Ta ló ni bọ́ọ̀lù yẹn?” Kóòṣì Theophilus béèrè lọ́jọ́ Ẹtì.

“Mo rò pé Àǹtí máa gbá a ni, Sà,” Mọ́ṣádé dáhùn.

“Èmi kẹ̀?” ni Jessica wí. “Ṣé ẹ̀yìn ọwọ́ mi ni mo máa fi gbá a, nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún tìẹ wà níbẹ̀?”

Kóòṣì nu ojú rẹ̀. “Lọ́la ni mo máa fi orúkọ ránṣẹ́. Mọ́ṣádé, o mọ bọ́ọ̀lù gbá ju Yéjídé tí a jọ ń dán yín wò lọ. Ṣùgbọ́n Yéjídé máa ń gbá èyí tó bá jẹ́ tiẹ̀. Bí mo bá tún rí irú èyí lọ́la, òun ni mo máa mú lọ.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mọ́ṣádé mú Jessica lọ kí ìyá rẹ̀, nítorí ó ti ṣèlérí ìkọ́kọrẹ́ fún un. Ìyá bu oúnjẹ sínú àwo ńlá kan fún àwọn méjèèjì, ó gbé orí ẹja kan lé e láàárín, ó sì padà sí ilé ìdáná. Jessica ń wo Mọ́ṣádé. Etí àwo nìkan ló ń jẹ, ó ń yí orí ẹja náà po bí ẹni tó ń yẹra fún ọlọ́pàá.

Jessica gbé ṣíbí kalẹ̀. “Mo ti rí i.”

“Kí ni, Àǹtí?”

“Bọ́ọ̀lù àárín. Òun nìyí nínú àwo. Mú ẹja yẹn.”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ mú.”

“Mi ò ní jẹun mọ́ títí o fi máa mú un. Ebi sì ń pa mí gan-an, Mọ́ṣádé. Má pa ọmọ ọlọ́mọ.”

Ìgbà tí Mọ́ṣádé na ọwọ́ tán, tí orí ẹja wà láàárín ìka rẹ̀, ni ìyá rẹ̀ gbé omi wọlé.

“Mọ́ṣádé, kí ni mò ń rí yìí?”

“Èmi ni mo ní kí ó mú un, Mà,” Jessica yára sọ, ó sì ròyìn gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà.

Ìyá gbé omi kalẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. “Nítorí irú èyí ni wọn ò ṣe ní mú ọ lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí o bá ti mú un, má jẹ́ kó já bọ́.”

Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀lù àárín àkọ́kọ́ dé. “Tèmi,” ni Mọ́ṣádé wí, ó sì gbá a sínú àwọ̀n. Ó yíjú láti tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n Jessica ti ń padà sí àyè rẹ̀.

“Ó já bọ́,” ni Jessica wí. “Mú òmíràn.”

Ó mú òmíràn. Ó mú èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Kóòṣì ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Ní Lomé, Nàìjíríà àti Kẹ́ńyà mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku eré ẹni méjì sí méjì. Bọ́ọ̀lù tó máa parí rẹ̀ gba àárín wá, ó le, ó sì ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Jessica kò tilẹ̀ gbé rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè; ó mọ ẹni tó ni ín. Mọ́ṣádé gbá a sí igun tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. “A ti gbọ́, a dúpẹ́. Ṣé o kúnlẹ̀ kí àǹtí rẹ lẹ́yìn tí ẹ parí?”

“Mo kúnlẹ̀, Mà. Níwájú gbogbo èèyàn.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kí n dìde, pé Gánà ló kàn lọ́la.”