Ìrù Bàálù tí Mo Rán Le Jù

Òjò winniwinni ló jí wa ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ tí mi ò lè gbàgbé yẹn. Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Akọ̀wé, gbé bàálù kékeré tó ń fi rédíò darí wá bá èmi aránṣọ. Abala ìrù tó ń mú un yà ti já, bẹ́ẹ̀ bàbá ọmọge tó fẹ́ fẹ́ ń bọ̀ wá wòran.

"Ìyàwó, bá mi rán an."

Mo fi aṣọ rán an mọ́ bàálù pinpin, bí ìdí ṣòkòtò.

Òjò dá, bàálù gbéra ní Mápó. Akọ̀wé tẹ rédíò títí, kò yà, ó dorí kọ bàbá ọmọge náà. Bàbá náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó má baà gbá a, bàálù sì fa fìlà rẹ̀ ya.

"Èmi àna ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ mi?"

Lọ́jọ́ kejì, mo tú ìrù náà, mo rán an dẹ̀ kó lè máa mì. Fìlà ni mo rán le, èmi àti Akọ̀wé sì gbé e lọ bẹ bàbá.