Bàbá Tó Gbé Iyán Lé Àlejò Dé Ẹnuwá

Gbogbo Òkè-Ogbó ní Ifẹ̀ ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Bàbá Awódélé gun ọ̀kadà, tó gbé abọ́ iyán lé itan, tó ń lé mọ́tò àlejò kan lọ. Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ni àlejò náà ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ kòkó ló gbé e wá láti Èkó, hòtẹ́ẹ̀lì Bàbá ló sì wọ̀ sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pè é lórí fóònù, ló bá kó sínú mọ́tò láìjẹun. Iwájú ààfin ní Ẹnuwá ni Bàbá ti lé e bá. Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó dí mọ́tò lọ́nà, ó ń pariwo, "Ẹ bá mi dá a dúró! Ẹ má jẹ̀ẹ́ ó lọ!"

Kíá, èrò ti pé lé wọn lórí. Ọkùnrin kan ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Bàbá, ṣé ó jẹun tán tí kò sanwó ni?"

"Owó kẹ̀?" Bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó sanwó! Oúnjẹ ni kò jẹ!"

Bí Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ṣe gbé abọ́ lé orí mọ́tò rẹ̀ nìyẹn, tó ń gé iyán lójú gbogbo Ẹnuwá. Àwọn tó fẹ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan ló tún ń bi í bóyá ọbẹ̀ tó o.

Irú èèyàn tí Bàbá Awódélé jẹ́ nìyẹn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òun ló ni Hòtẹ́ẹ̀lì Ìgbẹ́kẹ̀lé, níbi tí àwọn tí iṣẹ́ bá gbé wá sí Ifẹ̀ máa ń wọ̀ sí. Ẹni tó bá ti sanwó yàrá, oúnjẹ alẹ́ ń bẹ fún un, ẹmu tí wọ́n gbé dé láti Ìpetumodù sì ń bẹ fún un, kò ní yọ kọ́bọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ pè é ní ọ̀fẹ́ létí Bàbá.

"Ọ̀fẹ́ bàbá ta ni?" á gbaná jẹ. "Ifẹ̀ ni orírun gbogbo wa. Ẹni tó bá dé Ifẹ̀, ilé ló dé. Ta ló ń ta oúnjẹ alẹ́ fún ọmọ tó délé?"

Kì í sì í gbà pé èèyàn ti yó bí kò bá tíì pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. "Tí o bá pe Yorùbá wá jẹun lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kọ́ ilé ló máa dá ọ lóhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ìtìjú ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ikùn fúnra rẹ̀ tó ń ráyè sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin kan wá tó fẹ́ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀ jálẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Bàbá ò bá a jà. Ó gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọkùnrin náà, òun àti Ìyá Tẹniọlá tó ń se oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹun.

"Ìyá Tẹniọlá, ìgbín yìí mà rọ̀ o!"

"Ẹ ò tíì jẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn, sà."

Ilẹ̀kùn ṣí. Àlejò yọjú pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi." Nígbà tó ríṣẹ́ náà gbà, Bàbá rojọ́ kiri Òkè-Ogbó pé ìgbín òun ló bá a wá iṣẹ́ náà.

Fisáyọ̀mi, àbígbẹ̀yìn Bàbá, kì í rí ohun tó panilẹ́rìn-ín nínú gbogbo èyí. Ojú máa ń tì í ni. Bí Bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Ẹ wá jẹun o!" ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sá wọ yàrá ìkẹ́rùsí, á fọwọ́ di etí. Lọ́jọ́ kan, ó bínú bi í léèrè pé kí ló dé tí Bàbá ò lè fi àwọn èèyàn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọjọ́ náà nìkan ni Bàbá dá a lóhùn láìfi ẹ̀rín kún un.

"Nígbà tí mo ń ta oògùn kòkó láti ìlú dé ìlú," ó ní, "mo wọ̀ sílé àwọn kan tí n kò mọ̀ rí. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n ní kí n wá jẹun. Ebi ń pa mí kú lọ. Mo ní mo ti jẹun, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Fisáyọ̀, wọn ò pè mí mọ́. Mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́."

Bàbá kú nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì sì dá páropáro. Ọláwálé, ẹ̀gbọ́n Fisáyọ̀mi tó ń gbé l'Ékòó, ti ń wá ẹni tó máa ra ilé náà. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá a dúró: ilé iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó ń wá hòtẹ́ẹ̀lì tó ń fún èèyàn lóúnjẹ alẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn á máa wọ̀ sí. Ìyáàfin Olúṣọlá ni wọ́n rán wá wò ó, òun àti òṣìṣẹ́ kan àti awakọ̀ wọn. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn ò ní ta ilé mọ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó parí.

Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni Fisáyọ̀mi ti ń sá sókè sá sódò. Yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tó ń tọ́ wò, kò fi nǹkan kan ẹnu. Ó gbálẹ̀ tán, ó tún un gbá. Nígbà tí àwọn àlejò dé, eruku ọ̀nà bo gbogbo ara wọn, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ó yẹ kó pè wọ́n. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ló bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn pé oúnjẹ alẹ́ ọ̀fẹ́ ti wà nílẹ̀. Ọ̀fẹ́ o! Ọpẹ́lọpẹ́ pé Bàbá ò sí níbẹ̀.

Èsì dé: "A dúpẹ́, a ti jẹun."

"Wọ́n ti jẹun níbo?" Ìyá Tẹniọlá ká ọwọ́ lérí níwájú iyán tó ń tutù. "Ha, gbogbo bí mo ṣe gún un yìí!"

Fisáyọ̀mi rò ó pé ilé ti lọ nìyẹn. Ó jókòó sórí àga Bàbá, ó ń wo àwọn ilẹ̀kùn tó tì pa. Ọ̀rọ̀ abọ́ tí wọ́n ń fọ yẹn ló sọ sí i lọ́kàn. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ìyáàfin Olúṣọlá.

"Ẹ wá jẹun, mà."

"Ẹ ṣeun o, á gba ibi ire," ni Ìyáàfin dáhùn láti inú yàrá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹun, mà. Iyán ti ń tutù."

"Rárá o. A ti fi gúgúrú panu lọ́nà."

Ẹ̀rù ba Fisáyọ̀mi. Tí obìnrin yìí bá bínú ńkọ́? Tó bá lọ sọ l'Ékòó pé wọ́n ń yọ èèyàn lẹ́nu níbí ńkọ́? Ó di ojú, ó la ẹnu, ohùn tó jáde sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Ẹ WÁ JẸUN O! Ta ló ń febi sùn nílé bàbá rẹ̀?"

Láti ilé ìdáná, Ìyá Tẹniọlá tí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ lára tipẹ́ dá a lóhùn: "Ìgbín yìí mà rọ̀ o!"

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ já síta, kò tilẹ̀ wọ bàtà. Ìyáàfin Olúṣọlá jáde tẹ̀lé e, ó ń fi ògiri gbé ara dúró, ẹ̀rín ń pa á.

"Ẹ gbà wá lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé! Òun ni ọ̀gá wa báyìí. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí wọ́n bá fẹnu pè wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní tí wọ́n bá dákẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, a jẹ́ pé Bàbá ti kú pátápátá nìyẹn, ká yáa máa bọ̀. Ọmọ yìí, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu wá pa!"

Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ iyán tó ti tutù náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú odó. Ìyáàfin Olúṣọlá pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ kún. "Sà, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa bọ̀ níbí. Wọ́n ṣì ń bẹ èèyàn jẹun."

"Ẹ bá mi jẹ tèmi," ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé wí.

Fisáyọ̀mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ẹ̀yìn àga Bàbá mú. Ó wù ú kí Bàbá gbọ́ ohùn tó ti ẹnu òun jáde.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Ìyáàfin Olúṣọlá wí. "Wá jẹun."

"Ẹ ṣeun, mà. Mo ti jẹun."

Wọ́n wo ara wọn. "Ẹ̀ẹ̀kan!" ni awakọ̀ ké.

"Fisáyọ̀mi, wá jẹun."

"Mo ti yó, mà." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kejì!" ni gbogbo wọn ké, títí kan Ìyá Tẹniọlá.

Kí wọ́n tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, Fisáyọ̀mi ti ń fọwọ́.