Ibi Tí A Ti Ń Fọ Wàláà

Ìpàdé kẹrin tí ìdílé wa ṣe lórí ilé kéwú tí baba ńlá wa kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti rẹ̀ mí kí n tó jókòó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àlájì tó ń ta sìmẹ́ǹtì, fẹ́ wó o, kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀: òrùlé rìbìtì, ilé gogoro méjì, táìlì látìlẹ̀ dókè. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n wó o. Wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi, torí èmi ni mo kàwé nípa ilé kíkọ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé kéwú ní Íjíbítì àti Síríà láyé àtijọ́: àgbàlá láàárín, yàrá yí i ká.

Àlájì jókòó dáadáa. "Ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni baba wa ti rí i? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn."

Ká ní mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ilé náà ì bá dúró. Ṣùgbọ́n agbo ilé tiwa náà ti ní àgbàlá kí kéwú tó débí. Ẹnu ọ̀nà iwájú tó tẹ̀ bí ọrun sì jọ iṣẹ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé ju ti Íjíbítì lọ. Ti Àgùdà yẹn gan-an ò sì dá mi lójú.

"N ò lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà, sà."

"Ọdún márùn-ún ní yunifásítì," ni àbúrò Àlájì obìnrin wí, "'n ò lè fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà' ló kó bọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín díẹ̀.

Àáfà àgbà, tó ń ti Odògbolú wá kọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́, fa àwòrán ilé tuntun náà mọ́ra, ó ń fi ìka wá nǹkan lórí ẹ̀.

"Àlájì, níbo la ó ti máa fọ wàláà?"

Bí ọmọ bá ti mọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tàdáà kọ sára wàláà rẹ̀ lórí, á fi omi fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló wà nínú omi tàdáà yẹn, a kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́. Kòtò olókùúta kan wà fún un láàárín àgbàlá. Nínú àwòrán tuntun, táìlì ló bo ibẹ̀.

"Àbí ilé ìwẹ̀ ni kí wọ́n máa dà á sí?" ni Àáfà tún bi wọ́n.

Àlájì wojú mi. Ó ní kí n tún àwòrán náà yà, kí n fi àgbàlá sílẹ̀ bó ṣe wà. Iwájú ilé yóò lọ.

Mo yà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó iwájú ilé, mo yẹ àwókù ẹnu ọ̀nà náà wò, bóyá máa rí àmì ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ. N ò rí nǹkan kan. Mo lọ jókòó létí kòtò, níbi tí tàdáà ti sọ òkúta di dúdú, títí àwọn bíríkìlà fi ní kí n dìde.