Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ̀ Pé Omi Gbóná

"Màmá, ẹ bá mi na ẹsẹ̀ mi." Ohun tí Ìyábọ̀ ọmọ mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó já bọ́ láti orí àkàbà, níbi tá a ti lọ fi kọ́tìnnì kọ́ fún oníbàárà rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Mo wo ẹsẹ̀ náà. Ó ti nà gbọọrọ tẹ́lẹ̀.

Àwa tá a wà níbẹ̀ gbé e lápá, gbé e lẹ́sẹ̀, a ká a sínú mọ́tò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Orí pákó pẹrẹsẹ ló yẹ ká tẹ́ ẹ sí. Mi ò mọ̀ bóyá a dá kún un, mi ò sì tíì bi ẹnikẹ́ni.

Nílé ìwòsàn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí mi fi kú, kí dókítà tó pè mí wọlé. Ó ní okùn rírọ̀ kan wà nínú eegun ẹ̀yìn wa, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, tó sì ń gbé èsì padà. Ti Ìyábọ̀ ti fara pa láàárín ẹ̀yìn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí eegun náà, àmọ́ wọn ò ṣèlérí nípa okùn.

"Ṣé màá lè jókòó ti máṣíìnì mi?" ni Ìyábọ̀ bi wọ́n. Kò tiẹ̀ béèrè ìrìn. Kọ́tìnnì ló ń rán jẹun.

"Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan," ni dókítà wí. "Ìjókòó yẹn ló máa gba iṣẹ́."

Nígbà tá a délé, ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi. Kó tó pé oṣù méjì, ẹran itan ti ń joro. Iṣan tí kò bá ríṣẹ́ ṣe, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ní wákàtí méjì méjì ni mò ń yí i padà kí egbò má bàa dá sí i lẹ́yìn, mò ń da ìtọ̀ nù nínú rọ́bà tí wọ́n fi ń gbà á lára rẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Mi ò ní parọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kàn máa ń lọ jókòó sí ilé ìwẹ̀.

Èmi ni mo máa ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn gbogbo ìyá ìkókó ẹbí wa. Igbe ni mo fi ń mọ bó ṣe gbóná tó. Tí ìyá ìkókó bá ti ké pé "Yéè! Màmá, ẹ fẹ́ pa mí ni?", mo mọ̀ pé ó ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbé omi kaná nítorí ẹsẹ̀ Ìyábọ̀, tí mò ń fi tówẹ́lì tẹ̀ ẹ́ kó lè jí.

Lọ́jọ́ kan, bí tówẹ́lì ṣe kan itan rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ta kìjí. Ìyá Kàfáyà, aládùúgbò wa, pariwo: "Alihamudulilahi! Ẹsẹ̀ ti jí! Màmá, ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kó gbóná sí i!"

Mo jẹ́ kó gbóná sí i. Ìyábọ̀ ò ké. Mo tún rẹ tówẹ́lì. Kò ké. Òun àti Ìyá Kàfáyà ń ṣàwàdà lọ ní tiwọn.

Nígbà tó di àárọ̀, awọ itan ti lé róró, ó kún fómi. Ìyábọ̀ wò ó, ó wò mí. "Màmá, ẹ ti sè mí jinná. Iyọ̀ ló kù." Ó rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún. Èmi ò rí ẹkún sun.

Àwọn tó ń kọ́ ara níṣẹ́ padà nílé ìwòsàn, físíò ni wọ́n ń pè wọ́n. Tiwa ní Yábà, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò bú mi. Ó ní títa yẹn kì í ṣe pé ẹsẹ̀ jí. Okùn tó wà nísàlẹ̀ ibi tó fara pa ló ń dá pàṣẹ fún iṣan, nítorí àṣẹ orí ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí oṣù bá ṣe ń gorí oṣù ló máa ń yọjú, egbò tàbí ìtọ̀ tó bàjẹ́ sì máa ń mú kó le sí i.

"Màmá, tí kò bá ké, ẹ má rò pé kò jó."

Láti ìgbà náà, ọrùn ọwọ́ tèmi ni mo kọ́kọ́ fi ń tọ́ omi wò.

Ṣùgbọ́n kí egbò náà tó jinná, a ò lè ká ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún bá gan bí igi. Tá a bá gbé e sórí àga, yíyọ̀ bọ́ ló ń yọ̀ bọ́. Ìyábọ̀ ní kí n ta máṣíìnì. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ sí i. Dókítà fún wa lóògùn tó ń dẹ iṣan, físíò sì kọ́ mi: ọwọ́ kan sábẹ́ orúnkún, ọwọ́ kan ní gìgísẹ̀, kí n máa ká a díẹ̀díẹ̀. Tó bá ta, kí n dúró, kí n má bá a jà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ó gbà wá lóṣù púpọ̀.

Kò rìn. Ẹran itan náà ò padà. Ṣùgbọ́n orúnkún ń ká, Ìyábọ̀ sì ń jókòó. Ó gbé ìtẹ̀sẹ̀ máṣíìnì oníná rẹ̀ sórí tábìlì, ìgúnpá òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Kọ́tìnnì àkọ́kọ́ tó rán wọ́ díẹ̀. "Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀, Màmá. Fèrèsé onítọ̀hún ló wọ́."

Tí mo bá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ tán láàárọ̀, apá àti ẹ̀yìn tèmi á máa ro mí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ṣépè fún ìrora. Mo ti wá mọ̀ pé olùṣọ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí èyí tó kù fún Ìyábọ̀, mo sì dúpẹ́ nítorí èyí tó ń ro mí. Lẹ́yìn náà, màá lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kí ìrọ̀lẹ́ tó dé tá a tún máa ká a.