Aró Elú Nínú Oòrùn Ṣábẹ̀ẹ́

Pobẹ̀ ni mo ti wá. Ìjọba ológun ló gbé mi lọ sí kọ́léèjì Ṣábẹ̀ẹ́ láti máa kọ́ni ní ṣímì, ẹ̀kọ́ nípa èròjà, ọkọ mi sì wà ní Kùtọ̀nù. Èmi nìkan ni mo ń jẹun, èmi nìkan ni mo ń fọ abọ́.

Nígbà náà, ìjọba ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa pèsè nǹkan tó wúlò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbin àgbàdo. Èmi ti kà á nínú ìwé Faransé kan pé aró lè gba agbára oòrùn, kó fi fa idrojẹ́nì jáde nínú omi. Gáàsì tó ń jó ni, bí iná bá kàn án, á dún "pó!"

Mo tọrọ omi elú lọ́wọ́ Ìyá Ràmátù, aláró ará Kaboua tí ilé wa jọ kọ ẹ̀yìn síra. Mo rọ ọ́ kún ìgò, mo dojú ìgò dé inú omi, mo gbé e sóòrùn. Nígbà tó yá, hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo pariwo ayọ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo sọ fún dìrẹ́tọ̀ wa, ọ̀gá ilé-ìwé. Kí n tó fi iná dán an wò, ó ti lọ pe olórí agbègbè. Ọkùnrin náà dé, ó ké "Ẹ̀húzù!", igbe ìyípadà tí ìjọba ológun fi ń kíni, gbogbo àgbàlá ilé-ìwé dáhùn. Mo ṣá ìṣáná sẹ́nu ìgò. Iná kàn ń jó lọ jẹ́ẹ́, kò dún rárá.

Dìrẹ́tọ̀ rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Màdáàmù, ẹ ṣáà sọ pé ó ti ṣẹ. Ta ló máa mọ̀?"

Mo wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. "Ẹ̀yin kámárádì, kì í ṣe idrojẹ́nì. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi tẹ́lẹ̀ ni. Ooru ló lé e jáde."

Olórí agbègbè wọ mọ́tò rẹ̀ láìdágbére. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ yàrá olùkọ́, ọ̀rọ̀ á kú lẹ́nu wọn.

Ìyá Ràmátù nìkan ló wá kí mi. "Ọmọ mi, ṣé aró mi ni kò dáa?"

"Aró yín dáa, ìyá. Mẹ́táàlì kan ló yẹ kó bá a ṣiṣẹ́, kò sì sí níbí."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

Ó fa àpótí, ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìgò elú kankan kò dún fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì ọjọ́ náà, bí mo bá sọ nǹkan fún wọn, wọn kì í tún bi ẹlòmíràn bóyá òótọ́ ni.