Ẹkún Ọmọ Mi Lórí Fóònù Àwọn Ẹlòmíràn

Ìlú òyìnbó ni mo ti bí àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Bẹ́yẹrúnkà n'Ìbàdàn, nínú agbo ilé bàbá mi, ni wọ́n bí èmi sí ní tèmi. Ká sòótọ́, Iléyá nílùú òyìnbó lọ́hùn-ún kò ládùn kankan. Inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan la ti máa ń kírun Yídì, òórùn ìbọ̀sẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀ kan, a ó sì sáré jáde torí pé àwọn mìíràn ti gba ibẹ̀ láti aago mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì lẹran wa máa ń dé, nínú ọ̀rá, ó ti tutù rinrin, omi ẹ̀jẹ̀ á ti dúró sísàlẹ̀ ọ̀rá náà. Èmi gan-an kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Kí àwọn ọmọ yìí lè mọ ohun tí à ń pè ní Iléyá ni mo ṣe bẹ àbúrò mi ọkùnrin, tó ṣì ń gbé nílé wa n'Ìbàdàn, pé kó máa fi àgbò ọdún hàn wọ́n lórí fóònù. Ó gbà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bí wọ́n bá ti iléèwé dé, àbúrò mi á gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n so àgbò náà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Àgbò dúdú ni, ó ní funfun níwájú orí. Ọmọbìnrin mi sọ ọ́ lórúkọ. Á bi í bóyá ó ti jẹun, á ròyìn ohun tí olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un. Àbúrò mi á fi ohùn àgbò dá a lóhùn, ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi ṣubú lórí àga.

Mo sọ fún un pé a máa pa àgbò náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ní òun ti gbọ́, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo pe àbúrò mi. Mo ní, "Bó bá ti kan pípa, yí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń sun ún ni kó o tó jẹ́ kí wọ́n rí i."

Ó ní, "Kò sí wàhálà, àǹtí mi."

Lọ́jọ́ ọdún, a ti Yídì dé, àwọn ọmọ ò tíì bọ́ aṣọ ọdún lọ́rùn. Fóònù dún. Gbogbo agbo ilé ti pé sẹ́yìnkùlé, wọ́n ti dá àgbò dùbúlẹ̀, ààfáà ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Mò ń retí kó yí fóònù. Ńṣe ló tún gbé e sún mọ́ ọn, títí tó fi jẹ́ pé ọrùn àgbò nìkan là ń rí.

Ó ń pariwo pé, "Wá wo ọ̀rẹ́ ẹ! Wò ó dáadáa o!"

Ọmọbìnrin mi dìde dúró. Ó pe orúkọ àgbò náà. Ó ní, "Ẹ dúró! Ẹ dúró, kò tíì jẹun!"

Ẹ̀rín sọ nílé wa n'Ìbàdàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín o, ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ìgbà tí mo máa wo ẹ̀yìn, ọmọ ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí, ó ń ké bí ẹni tí iná jó. Mo pa fóònù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé l'Ókè Padre n'Ìbàdàn fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Ṣé ọmọ yín kọ́ nìyí?" Àbúrò mi ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti gbé e sórí ayélujára. Ojú ọmọ mi ló wà níbẹ̀, ikun ń dà, itọ́ ń ṣàn sí àgbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ sókè pé: Ọmọ Èèbó Ń Ṣọ̀fọ̀ Àgbò. Ẹnì kan ti fi orin sí i. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ àgbò náà ránṣẹ́ sí ọmọ náà kó fi pa ìrònú rẹ́. Àwọn àgbàlagbà, ìyá ọmọ àti bàbá ọmọ, ni wọ́n ń kọ irú rẹ̀.

Mo pe àbúrò mi. Mo ní kó pa á rẹ́.

"Àǹtí mi, eré mà ni. Ẹ ò rí bí àwọn tó ń tẹ̀ lé mi ṣe pọ̀ sí i lónìí nìkan?"

"Mo ní kó o yí fóònù."

"Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ohùn yín wà níbẹ̀."

Mo lọ gbọ́ ọ. Òótọ́ ni. Lẹ́yìn ẹkún ọmọ mi, ẹ̀rín obìnrin kan ń dún ketekete, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ara mi rí mi lára. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá mi, tí kò mọ nǹkan kan nípa ayélujára, ló dúró lé àbúrò mi lórí títí tó fi pa á rẹ́. Ó ní òun ò ní jẹ ẹran tó bá tọ́jú fún òun bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nǹkan ti bọ́, ó ti dé ọwọ́ àwọn tí a ò mọ̀ rí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn ọmọ wá sílé fún Iléyá. A lọ ra ìbòrí l'Ọ́jà'ba. Mo ṣì ń nájà lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin tó ń tà á tẹjú mọ́ ọmọ mi, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ alágbò rèé! Ẹ wá wò ó o! Màmá, ẹ jẹ́ ó sunkún díẹ̀ fún wa."

Ọlọ́kadà kan dúró lójú ọ̀nà, ó ti gbé fóònù sókè. Ọmọ mi ò sunkún. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n mọ̀ mí ni?" Mi ò mọ ìgbà tí mo gbá fóònù yẹn. Inú gọ́tà ló balẹ̀ sí. Ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, mo bú u padà, mo lo èdè tí mi ò lò láti ìgbà tí mo ti kúrò n'Ìbàdàn, lójú àwọn ọmọ mi. Obìnrin náà ló yọ fóònù náà nínú ẹrẹ̀. Ó ń nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó ń sọ pé òun ò mọ̀ pé yóò dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn fún àbúrò mi nílé, ojú rẹ̀ tàn. "Àbí ẹ ò rí i pé wọ́n dá a mọ̀!"

Lọ́jọ́ ọdún, ìyá mi mú ọmọbìnrin mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn títí wọ́n fi pa àgbò tán. Ọmọ náà jẹ ẹran, ó tún bèèrè sí i. Àbúrò mi gbé igẹ̀ wá fún mi nínú abọ́ tó dáa. Mo gbé e fún ará ilé kejì lójú rẹ̀.

Òun ló gbé ẹrù wa sínú mọ́tò lọ́jọ́ tí à ń padà. Mo ní, "O ṣeun," bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún awakọ̀ tí mi ò mọ̀ rí. Ó dúró, ó ń retí kí n gbá òun mọ́ra. Mo wọ mọ́tò, mo sì ti ilẹ̀kùn.