Oorun Tó Sá fún Mi ní Bàrígà, àti Ẹja Ìyá Ẹbùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Bàrígà, nígbà tó kù díẹ̀ ká gba òmìnira. Ìtìjú ni, àmọ́ n ó sọ ọ́.

Télọ̀ ni mí nígbà yẹn. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀. Mo bá lọ ra àtùpà gáàsì ní Onípáànù. Hà, àtùpà náà mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán! Òkè bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé e kọ́ sí, torí yàrá kan náà ni mo ti ń ránṣọ tí mo ti ń sùn. Mò ń tẹ maṣíìnì títí aago méjìlá.

Kò pẹ́ tí oorun fi sá fún mi. Tí mo bá dùbúlẹ̀, n ó máa yí síbí, n ó máa yí sọ́hùn-ún. Tílẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ mi, n ó máa tòògbé nídìí iṣẹ́. Mo gé apá agbádá oníbàárà kúrú! Kí lẹ rò pó wá sí mi lọ́kàn? Mo ní wọ́n ti ń ṣe mí ni!

Ta ló ń ṣe mí? Ìyá Ẹbùn ni, opó Ìlàjẹ tó ń ta ẹja, tí yàrá rẹ̀ fara ti tèmi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ń fún mi lẹ́ja yíyan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ọ̀fẹ́ wo ló wà l'Ékòó?

Mo gbé ẹja náà fún ológbò lánlọ́ọ̀dù, mo jókòó tì í, mò ń ṣọ́ ọ. Ológbò jẹun tán, ó sùn fọnfọn! Ṣé ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀? Rárá o! Mo ní òògùn inú ẹja náà mọ orúkọ ẹni tí wọ́n rán an sí ni.

Mo bá sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé kó yàn, èmi tàbí obìnrin yẹn. Télọ̀ rẹ̀ ni mí, ó fetí sí mi. Ó fún Ìyá Ẹbùn ní nótíìsì.

Lọ́jọ́ tó ń kẹ́rù, ó yà wá dágbére fún mi. Ó pọn Ẹbùn, ojú ọmọ náà pọ́n, ó wú.

Ó ní, "Bàbá télọ̀, ẹ má bínú. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín nítorí iná yín. Ògiri wa ò kan òrùlé, ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kọ́mọ mi sùn. Ojú ló ń tì mí, ni mo ṣe ń fi ẹja wá ojúure yín."

Ó ní ọkọ òun tó ti kú máa ń fi àtùpà gáàsì pẹja lóru lójú ọ̀sà. Tó bá délé, á kọ́kọ́ jókòó sínú òkùnkùn ná, torí ojú tó bá ti wo iná pẹ́ kì í tètè gba oorun.

Àṣé àtùpà mi ló ń lé oorun mi! Mo sáré bá lánlọ́ọ̀dù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ti fún ẹlòmíì ní yàrá náà.

Ìyá Ẹbùn gbẹ́rù, ó kọrí sí Ọbáníkòró. Kò mọ̀ pé èmi ni mo lé òun. Ó tún ń ṣàdúrà fún mi! Mi ò sì lè lanu jẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, tílẹ̀ bá ti ṣú, mo ti pa àtùpà, mo ti pa maṣíìnì tì nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oorun padà, orí fífọ́ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹjú mọ́ iná títí di òru, ẹ ṣọ́ra yín. Tára yín ò bá yá, ẹ wo ìṣe ara yín dáadáa kẹ́ ẹ tó nàka sí aládùúgbò.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ ti fura sí aláìṣẹ̀ rí? Ẹ sọ fún mi o. Ẹ sì jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti rí onítọ̀hún bẹ̀, kí lẹ wí fún un?